Ẹ Gbé Wòsílátù Fún Ìyá Rẹ̀

Wòsílátù Mojúbàolú kú nílé rẹ̀ ní Ìgbògbò, ní ìdájí Ọjọ́rú kan, kò pẹ́ tí a ṣe Iléyá tán. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Toyyibah, sì gbọ́ nígbà tí kẹ́tùlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àwọn aládùúgbò tó dé, ó ti dákẹ́. Àwáyé àìkú ò sí. Ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé títí di òní tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, a ò tíì sin ín.

Ẹ má rò pé ọwọ́ mi ló ṣì í kọ. Iléyá ti jìnnà, òjò ti rọ̀ títí ó ti ń palẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ iléèwé ti lo ìsinmi wọn tán, wọ́n ti wọlé padà. Wòsílátù ṣì wà nínú yàrá òtútù ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú níbí, ó ń dúró de àwọn tó ní àwọ́n fẹ́ bọlá fún un.

Ẹni tí kò bá mọ Ẹ̀pẹ́ lè ní kí ló ṣe bàbàrà nínú ìyẹn. Ṣebí òkú ẹlòmíì ń pẹ́ ní mọ́ṣúárì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ọmọ àwọn tó bá ọba wọn kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá tẹ̀ dó sí Ẹ̀pẹ́ láyé ogun ni Wòsílátù, ìmàle paraku. Nínú ìdílé wọn, òkú kì í sùn nílé. Ẹni tó bá kú kí oòrùn tó yọ, abẹ́ ilẹ̀ ni oòrùn ọjọ́ náà ń wọ̀ bá a. Wọn kì í wo olówó, wọn kì í wo olórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin bàbá bàbá rẹ̀. Òun tí gbogbo ayé mọ̀ nìkan ni wọn ò rí sin.

Ó yẹ kí n má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ẹni tó jẹ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbé ti yá wa lára jù. Lọ́dún tó kọjá mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ní Benson, ní Ìkòròdú níbí, mo jókòó ti awakọ̀ níwájú. Lẹ́yìn wa, ìyá àgbà kan wà tó ń lọ sí Ìgbògbò, obìnrin oníṣẹ́ ìjọba kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé tó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, àti ọmọbìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Awakọ̀ tan rédíò, Wòsílátù bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbè é lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá àgbà yíjú sí ọmọ náà. Ó ní, "Ìwọ, kí lo mọ̀ nínú orin yìí?"

Ọmọ náà ní, "Màmá, orin àwa nìyẹn o. Gbogbo kíláàsì wa ló mọ̀ ọ́n."

"Orin ta ni? Kí wọ́n tó bí ìyá ẹ ni mo ti ń gbọ́ Wòsílátù."

Òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú mà. Orin Sístà Wòsí ni wọ́n fi mú mi wọlé ọkọ. Èmi ni mo ni ín."

Wọ́n jiyàn dé Ìgbògbò, inú wọn dùn. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ tí oníkálukú ń pè é kò bára mu. Àwọn àgbà ń pè é ní Wòsílátù, àwọn tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ń pè é ní Sístà Wòsí, àwọn ọmọdé ń pè é ní Wòsí Bébì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó sì ń jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ní ilẹ̀ yìí, níbi tí àgbà ti ń sọ pé orin ìwòyí kò ní ọpọlọ, tí ọmọdé ń sọ pé tàtijọ́ ń múni tòògbé, ta ló tún kù tí ìyá ìyá àti ọmọ ọmọ lè jọ gbè lórin láìjà?

Kì í ṣe oríire lásán. Mo ti bá a dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ rí, mo sì rí bó ṣe ń ṣe é. Bó bá kọ orin tuntun, kì í kọ́kọ́ gbé e lọ sí sítúdíò. Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé e lọ, sí àgbàlá ìyá rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn ìyá àgbà bá ti àsàlátù dé. Á kọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, á gbé e lọ fún àwọn obìnrin ẹ́sítéètì kan nítòsí Itamaga, lálẹ́, nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n. Á wá gbé e lọ fún àwọn ọmọ ilé kéwú ní Ìgbògbò. Bí ọ̀wọ́ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá lè dá orin náà padà fún un kó tó dìde, ó parí, á gbé e jù síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo bá a dé Ẹ̀pẹ́, ó kọ orin kan tó dùn mọ́ mi púpọ̀. Ìyá kan tó ń bó ẹ̀pà wò ó lójú. Ó ní, "Wòsílátù, orin yìí ń sáré. Ta ló ń lé e?" Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Wòsílátù náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì tún kọ orin náà mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó sọ fún mi pé, "Orin tí àgbà ò bá lè jókòó gbọ́, tí ọmọdé ò sì lè dìde jó, ariwo ni." Ohùn yẹn ò kúrò létí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe gba òkú lọ́wọ́ ìyá olókùú.

Àárọ̀ ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n gbé e dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í. Abdussalam, àbúrò rẹ̀, ti gbẹ́ sàréè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá wọn. Ìrun ọ̀sán ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n kírun sí i lára. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ mẹ́ta yà wọlé, pẹ̀lú àwọn oníkámẹ́rà. Olóyè Jọláolúwa Adéòjó ló sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ni alága Ìgbìmọ̀ Ìdágbére Ìràwọ̀, ìgbìmọ̀ tí àwọn olóṣèlú kan àtàwọn tó ń ṣètò eré dá sílẹ̀ láàárọ̀ náà gan-an. Ó ní irú òkú báyìí kì í ṣe òkú ẹbí, ti gbogbo ìran ni. Ó ní ọjọ́ kan péré ni àwọ́n ń tọrọ, kí tàgbà tèwe lè wò ó kẹ́yìn.

Àwọn ọkùnrin ilé kọ̀. Ni Olóyè bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí erùpẹ̀, tòun ti agbádá funfun, níwájú Alhaja Rodiat, ìyá Wòsílátù. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé, àṣìṣe tó jẹ́ pé irú àwọn èèyàn wa nìkan ló lè ṣe é. Àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ níwájú òkú rẹ, báwo lo ṣe fẹ́ lé e? Alhaja ní, "Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ọjọ́ kan náà kọ́? Kí wọ́n gbé e, kí wọ́n dá a padà fún mi lọ́la." Kámẹ́rà ya gbogbo rẹ̀. A rí i lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà, Olóyè ń nu ojú.

Ọ̀la yẹn ò tíì dé. Wọ́n ní àwọ́n fẹ́ ṣe alẹ́ àwọn àgbà, ọ̀sán àwọn ìyá, àti eré ńlá fún àwọn ọ̀dọ́. Àwọn kan ní tàwọn àgbà ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Àwọn kan ní bí ti ọ̀dọ́ ò bá ṣíwájú, kò sẹ́ni tó máa wá. Ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò kan ní kí wọ́n dúró de ìgbà tí ọjà àwọ́n tuntun bá jáde. Olóṣèlú kan ní kí wọ́n dúró de ìgbà ìpolongo. Nígbà tó yá, wọn ò pàdé mọ́. Ohun tí obìnrin kan ṣoṣo ń fi orin kan ṣe, láìsí alága, láìsí akọ̀wé, odindi ìgbìmọ̀ kò rí i ṣe lórí òkú rẹ̀. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn.

Mo tẹ Olóyè láago. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbé e, ó ní, "Ẹ fara balẹ̀. A fẹ́ ṣe é kó dára, kó kárí gbogbo ìran ni." Ó kárí lóòótọ́. Ìyá ń sunkún, ọmọ ń sunkún, ọmọ ọmọ ò mọ ibi tí ìyá àgbà rẹ̀ wà. Mo tún gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti rìnrìn àjò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá Toyyibah lọ sí mọ́ṣúárì náà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń lọ. Ọ̀gbẹ́ni Oríyọmí tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, ó tilẹ̀ gbé àga fún wa.

Ó ní, "Àǹtí, mo ti ń sọ fún yín. Orúkọ kọmití ni wọ́n fi gbé wọn wọlé. Ẹni tó gbé òkú wá ló ń gbé e lọ. Bí mo bá gbé wọn fún yín, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Toyyibah ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyá mi ni?"

"Mo mọ̀. Ta ni ò mọ̀?"

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, fóònù rẹ̀ dún nínú àpò. Ohùn Wòsílátù ló jáde níbẹ̀. Orin rẹ̀ ni ọkùnrin náà fi ṣe ìpè fóònù. Wòsílátù ń kọrin nínú àpò ẹni tó ń ṣọ́ òkú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì dúró, ó ń gbọ́ ọ, ilẹ̀kùn irin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ọ̀gbẹ́ni Oríyọmí ò lè pa á. Nígbà tó dákẹ́ fúnra rẹ̀, ó sún mọ́ wa, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi tètè wá nǹkan ṣe sí i. Iná wa ò dáa. Kò dáa rárá."

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ? Ṣé ó yẹ kí n tún là á mọ́lẹ̀?

Láti ibẹ̀ mo gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Abdussalam mú mi dé ibi sàréè. Ó ní àwọn àgbà ilé kò jẹ́ kí sàréè tí a ti gbẹ́ la ẹnu sílẹ̀ lófìfo mọ́jú, wọ́n ní á tún pe ẹlòmíì. Ìmáàmù ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀, wọ́n bò ó. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ti jẹrà báyìí, ilẹ̀ ibẹ̀ ti rì. Òun ló ń sùn ti bàbá Wòsílátù lónìí, níbi tí ọmọ rẹ̀ yẹ kó wà.

Alhaja Rodiat jókòó sójú kan náà tí wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo kí i kú ìrọ́jú.

Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, ẹ bá mi ṣírò nǹkan kan. Fidáù ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ tí a bá sin òkú la ti ń kà á. Ọmọ mi ò tíì ní ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ wo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí kà?"

Mo ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnikẹ́ni ò bi mí nírú rẹ̀ rí. Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwa méjèèjì ń sunkún.

Ta ló fún ìgbìmọ̀ láṣẹ lórí òkú ẹni tó ní ìyá, tó ní ọmọ, tó ní àbúrò? Ta ni nínú ilé ìwòsàn náà tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Toyyibah lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó sì ní òfin ni? Àwọn olóṣèlú tó ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, níbo ni wọ́n wà? Mo fẹ́ kí wọ́n jáde síta, kí oníkálukú sọ ohun tó ṣe àti ohun tó kọ̀ láti ṣe. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn. Mi ò fẹ́ ère. Ẹ gbé eré yín, ẹ fi bo ara yín. Ẹ tú òkú Wòsílátù sílẹ̀, kí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí bá a ní Ẹ̀pẹ́.

Olóyè Adéòjó, mo ti bínú títí, ó wá ku ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dọ̀bálẹ̀ níjọ́sí. Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ lónìí. Ìyá arúgbó kan ní Ẹ̀pẹ́ ń béèrè ọjọ́ tí òun máa bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá a lóhùn. Ẹ gbé ọmọ rẹ̀ fún un, kó rí ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ sí kà.