Ìka Mẹ́ta tí Sewanu Fi Ga

Mo fi irùngbọ̀n funfun yìí búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ bi omi ọ̀sà Ajido léèrè.

Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni, tí òyìnbó ṣì ń pàṣẹ ní Àgbádárìgì. Sewanu ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún méje ló rí. Bàbá rẹ̀ kú, ó fi ọkọ̀ ojú omi kan sílẹ̀. Sewanu fẹ́ ọkọ̀ yẹn ju aṣọ ọdún lọ. Àmọ́ àṣà ìlú wọn, Ajido, ni pé ẹni tó máa gba ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró nídìí òpó èbúté, kí omi má kọjá èjìká rẹ̀. Bí Sewanu bá dúró níbẹ̀, omi á dé àgbọ̀n rẹ̀. Sagbo, àbúrò bàbá rẹ̀, sì ti ní bí kò bá yege kí ọdún tó parí, ọmọkùnrin òun ló máa gba ọkọ̀.

"Sewanu, ṣé o dúró ni àbí o jókòó?" Báyìí làwọn apẹja ṣe máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Mo dùbúlẹ̀ ni. Bí mo bá dìde, ẹ ó sá!"

Dosi, ìyá rẹ̀, tó ń yan ẹja, gbé e lọ sí ọsibítù kan l'Ékòó. Dókítà òyìnbó ní ohun tó ń mú ọmọdé ga kò tó lára rẹ̀. Ó ní òun ní ìgò oògùn rẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, inú orí òkú ni wọ́n ti fà á yọ.

"Orí òkú kẹ̀?" Dosi yíjú sí Mákánjú, nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀. "Ẹ bá mi bi í, òkú ọ̀hún, ṣé olórí ire ni?"

"Òkú ilẹ̀ òyìnbó ni, Ìyá."

"Ìyẹn gan-an ni mo ṣe ń bèèrè!"

Sewanu na apá. Orí yòówù tó bá lè gba ọkọ̀ fún òun, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Mákánjú á kọ́kọ́ fi oògùn aláwọ̀ ojú ọ̀run se ìtọ̀ rẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá yí padà, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́. Bó bá pọ́n bíi bíríkì, ṣúgà ti wà nínú ìtọ̀ nìyẹn, abẹ́rẹ́ á dúró, nítorí oògùn tó ń mú ọmọ ga lè fa àtọ̀gbẹ pẹ̀lú. Sewanu ń ga lóòótọ́, ó sì ń jẹun bí alágbàṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó yọ kẹ̀bẹ̀ ń fọn. Dosi rò pé òkú ló ń jẹ ọmọ òun. Ní gbogbo àárọ̀ abẹ́rẹ́, nínú ahéré ìyanja tí èéfín ti ń ta ni lójú, ó ń fún un ní ẹ̀kọ mímu tí ṣúgà kún inú rẹ̀ dẹ́ńdẹ́. Ó dùn; Sewanu ń gbé e mì.

Ní oṣù kẹfà, ìtọ̀ pọ́n.

"Kí lẹ fún un jẹ?" ni Mákánjú bi í. Dosi jẹ́wọ́, ojú tì í.

Wọ́n dá abẹ́rẹ́ àti ṣúgà dúró, ìtọ̀ mọ́. Wọ́n tún gún un ní ìdajì, ó tún pọ́n. Dókítà ní ó parí: a kì í fi ẹ̀mí ra gíga. Sewanu sunkún lórí ọ̀sà títí wọ́n fi délé. Ìka mẹ́ta péré ló fi ga.

Ìgbà tí ọ̀sà kún ni Sagbo pè é sídìí òpó. Omi dé ọ̀fun rẹ̀.

"Ó tán," ni Sagbo wí. "Ọmọ mi ló ni ọkọ̀."

"Sagbo, ta ló sọ pé oṣù yìí ló gbọ́dọ̀ wọ omi?" Ọwọ́ Dosi dúdú fún èédú. "Ìgbà tí omi kún lo mú. Ọdún kò tíì parí o!"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó jàre.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọ̀sà fà. Sewanu wọ omi. Omi gùn ún díẹ̀díẹ̀, ó dúró gẹ́gẹ́ ní èjìká. Sagbo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè wò ó dáadáa, fìlà rẹ̀ já bọ́ sómi. Sewanu mú fìlà, ó fún un, ó tú okùn, ó gun ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tì í kúrò ní èbúté.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kó ẹja ìyá rẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì. Láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀pá ọkọ̀ nìkan la máa ń rí tó ń rìn bọ̀ lókè apẹ̀rẹ̀ ẹja. Òórùn èéfín yẹn ṣì ń wá mi wá títí di òní.

Irọ́ kan ṣoṣo ni mo fi kún un: fìlà Sagbo kò já bọ́ sómi. Ó wù mí kó já bọ́ ni.