Àwo Karùn-ún Alhaji Shittu

Alhaji Shittu ti fi òwò àlùbọ́sà sílẹ̀ ní Mile 12, àmọ́ kò fi àwo orin sílẹ̀. Nílé rẹ̀ ní Ìkòsí, ó ní ẹ̀dà mẹ́rin àwo sákárà kan náà, ó sì tún ń wá ìkarùn-ún.

Olóògbé ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó gbe orin náà. Àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, àtúntẹ̀ ni wọ́n. Ìlù ti bo ohùn elégbè mọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ló ń wá, kó lè gbọ́ ìyá rẹ̀.

"Daddy Roqeeb, orin kan náà kọ́ ni?" Nusirat ìyàwó rẹ̀ máa ń bi í. "Ẹ bá mi ra fíríìjì."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi aládùúgbò rẹ̀ bá a wá a lọ, a sì rí méjì lọ́wọ́ ìyá àgbà kan ní Sangisa. Ọ̀kan ń dán nínú páálí rẹ̀. Ìkejì ti ha, kò sì ní páálí. Mo ní kó fowó rẹ̀ ra èyí tó ń dán. Kò wo páálí, torí àwọn tó ń tà á máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ó gbé àwo sí oòrùn, ó ka nọ́ńbà tí wọ́n fín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àárín rẹ̀, èyí tó máa ń fi àwo tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ hàn, ó sì mú èyí tó ha.

Nílé, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ó ń ta pàpàpà. Nígbà tí ègbè dé, obìnrin kan ṣáájú àwọn yòókù wọlé.

Nusirat jáde láti kíṣìnnì.

"Màmá nìyẹn," ló wí. "Wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Ó jókòó. "Ẹ dá a padà síbẹ̀rẹ̀."