Ẹsẹ̀ Kẹta Tí Wọ́n Gé Lórí Wáyà Ẹ̀rọ Gìtá

"Sister, ariwo ti dákẹ́. Ìyẹn la fẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀ míì."

Báyìí ni Uncle tó jẹ́ olórí akọrin ìjọ wa ní Downsview, ní Kánádà níbí, ṣe dá mi lóhùn lónìí, níwájú gbogbo ìjọ.

Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde ló ń kùn. Kó lè dákẹ́, Uncle fi ẹ̀mú gé ẹsẹ̀ kẹta orí wáyà tí wọ́n fi ń kì í bọ iná.

Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Ní báyìí, bí iná bá ṣìnà, ara ẹni tó ń ta gìtá ni yóò gbà kọjá.

Ọmọbìnrin mi ló ń ta á. Lónìí, bó ṣe di gìtá mú tí ètè rẹ̀ kan máíkì, iná gbé e, ó fò sẹ́yìn: "Mummy, it bit me!"

Iná ni mo kọ́ ní poli. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ wáyà náà, kí ẹ̀rọ gìtá àti ti máíkì sì jọ máa lo sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Kíkùn yóò lọ.

Uncle rẹ́rìn-ín: "Nílé ní Nàìjíríà ńkọ́? Ṣebí bíírò la fi ń ti ihò kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Ta ló kú?"

Mo dárúkọ ọmọ kíláàsì mi kan tí iná pa.

Ó ní kí n má mú ẹ̀mí ìbẹ̀rù wọ ilé Ọlọ́run.

N kò retí pé wọn yóò gbọ́. Ọmọ mi pàápàá ní òun yóò ta á lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iná, kí ni kí n tún sọ?

Mo ti kọ̀wé sí Pásítọ̀. Mo ń retí èsì kó tó di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé.