Ṣé ó máa dìbò?

Obìnrin kan kú mọ́ mi lọ́wọ́ lónìí, ọjọ́ ìdìbò kánsílọ̀.

Ọkọ̀ tí olùdíje àdúgbò Bẹyẹrunka ṣèlérí fún àwọn aláboyún ni wọ́n fi ń kó olùdìbò.

Ọkọ obìnrin náà dá awakọ̀ dúró: “Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ń rọbí!”

“Ṣé ó máa dìbò, ẹ̀gbọ́n?”

“Rárá o, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀.”

Awakọ̀ bá tirẹ̀ lọ. Ọmọlanke lọkùnrin náà fi tì í gba Bẹẹrẹ wá sí ilé ìwòsàn wa.

A rí ọmọ, a ò rí ìyá.

Mo ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀ pé ká ní wọ́n tètè dé ni, ẹ̀jẹ̀ náà ì bá dúró.

Ó ní, “Dókítà, ká ní mo parọ́ pé ó máa dìbò ńkọ́?”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí lẹ̀ bá sọ fún un?