Wáyà Tí Gil-rye Fà Wọ Ilé Ìdáná

Nígbà tí Pyo Gil-rye fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ sísè nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní erékùṣù Yeongdo, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé yóò máa sùn di ọ̀sán ni. Àmọ́ ẹni tó ti ń se oúnjẹ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ, ìkòkò ẹni méjì kì í tó o ṣe. Kò pẹ́ tó fi gbé kọ̀ǹpútà tí Ye-rim ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, ló bá ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe kimchi, kábéèjì aláta tí wọ́n ń pa mọ́ sínú ìkòkò, han ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án Sátidé. Ó ń fi ata ra kábéèjì, ó ń sọ̀rọ̀, àwọn tó ń wò ó ń bi í léèrè, òun náà ń dá wọn lóhùn bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé.

Ìṣòro kan ló wà. Pálọ̀ ni àpótí kékeré tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé wà, ògiri ilé náà sì nípọn bíi ti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó rìn dé ilé ìdáná, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ní Sátidé kan, ibi tí Gil-rye ti la ẹnu gbàgà láti tọ́ kimchi wò ni àwòrán rẹ̀ dúró sí. Nígbà tí ojú ẹ̀rọ yóò fi là, àwọn èèyàn ti ń fi ẹnu náà ránṣẹ́ síra wọn. Àbúrò rẹ̀ pè é láti Ulsan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí yín lórí fóònù ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ẹnu yín gba bọ́ọ̀lù."

"Ó tó báyìí," ni Gil-rye wí. "Wáyà ni màá fà."

Èbúté ni Ma Dong-sik ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń so ọkọ̀ òkun mọ́lẹ̀. Látìgbà tí òun náà ti fẹ̀yìn tì, iwájú tẹlifíṣọ̀n ló ń jókòó sí, tó ń wo àwọn tó ń ta ayò baduk, tí ọ̀rọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti gbọ́ wáyà, ó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù.

"Wáyà wo?"

"Ti íntánẹ́ẹ̀tì, Bàbá Ye-rim."

"Dúró dè mí."

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Tak Mi-hwa ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lọ. Oríṣiríṣi wáyà ló kó jọ síwájú wọn, Dong-sik sì mú èyí tó nípọn jù, ó ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

"Èyí ni. Okùn tó nípọn kì í já."

"Ṣé ọkọ̀ òkun la fẹ́ so mọ́ ilé ìdáná ni?" Gil-rye bi í.

Mi-hwa rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ilé tí ẹ̀rọ kún dẹ́nu ni wọ́n ń rà á sí. Tí omi ilé yín bá ń ṣe tó-tó-tó, páìpù ńlá ò ní mú kó pọ̀ sí i. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ yìí ńkọ́? Ẹ lè fi gba abẹ́ ilẹ̀kùn."

"Mo máa ń wọ́ ìkòkò kimchi kọjá níbẹ̀," ni Gil-rye dáhùn.

"Háà, Màmá, yóò já. Ó yá, ẹ mú èyí tó rí róbótó yìí, ẹ jẹ́ kó gba òkè ògiri. Báwo ló ṣe jìn tó?"

Gil-rye ò mọ̀. Ọkọ rẹ̀ na apá méjèèjì gbọọrọ. "Apá mẹ́sàn-án, ó lé díẹ̀."

"Ìgbà wo lẹ wọ̀n ọ́n?" Gil-rye bi í.

"Nígbà tí o ń wọ bàtà."

Mi-hwa fún wọn ní èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n má fà á le, kí wọ́n má sì ká a pọ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fà á, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Dong-sik wà lórí àkàsọ̀, ìyàwó rẹ̀ di àkàsọ̀ mú nísàlẹ̀, ó ń sọ pé wáyà náà wọ́. Ọkọ ní ojú ìyàwó ló wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà sọ lọ́jọ́ yẹn pọ̀ ju ti oṣù kan lọ. Gil-rye mọ̀ ọ́n lára, ó sì ń wá ibòmíràn tí yóò sọ pé ó wọ́, kó má bàa dákẹ́.

Ní Sátidé, àwòrán náà já gaara, kò dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnì kan béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé bàbá wo ló ń fi ọwọ́ pa ògiri lẹ́yìn yẹn.

"Ọkọ mi ni. Wáyà ló ń ṣọ́."

Àwọn òǹwòran ní kó pè é wá. Dong-sik kọ́kọ́ kọ̀, ó tún aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣe, ó wá. Gil-rye gbé aáyù fún un pé kó gé e. Ó gé e gbàǹgbà-gbàǹgbà.

"Bàbá Ye-rim, aáyù nìyí àbí òkúta?"

"Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó kéré kó mú ọ̀bẹ tiẹ̀ wá."

Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà náà, tí Gil-rye bá dé ilé ìdáná lọ́sàn-án Sátidé, á bá ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, tó ti bó aáyù kalẹ̀, tó sì ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́.