Télọ̀ Tó Ń Rìn Lórí Ìjókòó

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí télọ̀ yìí ti ń rán ṣòkòtò nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, lórí àga kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ka ọdún yẹn, kó wo ikùn rẹ̀. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà, pé bí kò bá rìn, wọn yóò máa gbé e rìn, ọmọbìnrin rẹ̀ fi géèmù kan sórí fóònù rẹ̀. Géèmù náà ń ka ìṣísẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe ń rìn ni jagunjagun kékeré inú rẹ̀ ń gba idà, tó ń gba ẹṣin, títí yóò fi di Ọ̀gágun. Ọmọ náà kó gbogbo ẹbí sí i, kí wọ́n jọ máa figagbága.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, télọ̀ ló gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń fi ọ̀pá rìn nítorí orúnkún, ṣe jù ú lọ dáadáa.

"Bàbá Ìgbín!" ni àwọn ọmọ ń pè é.

Ọjọ́ kan, bó ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì, ó rí i pé géèmù inú fóònù àpò ṣòkòtò òun ń ka ìṣísẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gé rọ́bà ìdí ṣòkòtò, ó fi so fóònù mọ́ irin tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ maṣíìnì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti rin ẹgbàá mẹ́rin ìṣísẹ̀ láìdìde.

Oṣù kan kò pé tó fi di Ọ̀gágun. Gbogbo ẹbí ń kí i. Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ìdùnnú náà dà bí aṣọ oníbàárà tó gbé wọ̀: ó bá a mu, kì í ṣe tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó ń tiro, òógùn bò ó.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò wọ mọ́tò ni?"

"Mọ́tò kẹ̀? Ṣé ìwọ ń wọ mọ́tò, Ọ̀gágun?"

Ó jókòó, ó ká aṣọ sókè. Orúnkún rẹ̀ ti wú bí orí ọmọ tuntun.

"Dókítà ní kí n sinmi. Mo ní rárá o! Àbúrò mi, pẹ̀lú ikùn yẹn, ń rin ẹgbàá márùn-ún lójúmọ́, kí èmi wá jókòó sílé? Tó bá rẹ̀ mí lójú ọ̀nà, ìwọ ni mo máa ń rántí. Ó yá, báwo lo ṣe ń ṣe é?"

Irọ́ ti dé orí ahọ́n télọ̀: kó kàn sọ pé àfẹ̀mọ́jú lòun ń jáde. Àmọ́ orúnkún yẹn ń wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú rọ́bà, ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, maṣíìnì ló ń rìn. Èmi ò rìn."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, mà."

Ó ń retí ẹ̀rín, ó ń retí èébú. Kò rí ọ̀kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọra fa aṣọ bo orúnkún rẹ̀, bí ẹni tí àlejò já wọlé bá lójijì. Ó dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n pe mọ́tò fún yín."

"Má ṣèyọnu. Mo mọ ọ̀nà ilé mi."

Télọ̀ tẹ̀ lé e láìtilẹ̀kùn. Wọn ò tíì dé kọ́nà kejì tí èémí fi tán nínú télọ̀. Ó fara ti ògiri ilé onílé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń yíjú wò ó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró níwájú. Kò pè é, kò bojú wẹ̀yìn. Ó fara lé ọ̀pá rẹ̀, ó ń wo títì bí ẹni tó ń dúró de ẹlòmíràn, kí ojú má baà ti àbúrò rẹ̀.

Ìyẹn gan-an ló tì í lójú jù. Ì bá sàn kó gbá a létí.