Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Bàbá Rálíà

Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, kí ojú mi tó rí ohunkóhun. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ káńfọ̀ mọ́, bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké tí àwa máa ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà fi ṣe oúnjẹ. Òórùn náà pọ̀ mọ́ ti kẹrosíìnì àti ti igi àtijọ́. Mo dúró gbọn-in láàárín èrò, mo sì di báàgì mi mú.

Hikmat, ọmọ ọmọ mi, ló mú mi wá. Ó tọ́ka sí ihò kékeré kan lára ògiri. "Màmá, máṣíìnì ló ń fẹ́ ẹ jáde. Charle, wọ́n gbìyànjú paa, gan-an ni!"

Ibi ìgbafẹ́ ńlá kan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sójú ọ̀nà Dodowa, ó jìnnà díẹ̀ sí Madina tí à ń gbé. Wọ́n pe apá kan nínú rẹ̀ ní Tete Kurom, ìyẹn ìlú àtijọ́ lédè Twi, wọ́n sì ní bí Accra ṣe rí nígbà tí àwa wà lọ́mọdé gẹ́lẹ́ ni àwọn ṣe kọ́ ọ. Ó tó oṣù mẹ́ta tí Hikmat ò sọ nǹkan mìíràn. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń sáré lọ síbi ìgbafẹ́, orúnkún mi ti fi ìyẹn sílẹ̀ tipẹ́. Ohun tó gbé mi dìde ni gbólóhùn kan tí ọmọ náà sọ lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń tẹ fóònù rẹ̀: "Wọ́n ní àwọn ilẹ̀kùn yẹn, oríjínà ni o, Màmá. Àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n wó lẹ́yìn ọjà Odawna ni wọ́n ti kó wọn."

Mo wọ yàrá lọ, mo yọ kọ́kọ́rọ́ kan tí mo ti so mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ àtijọ́ kan látìgbà ọmọdé, mo sì yọ àgádágodo tí mo fi ń ti àpótí ìrẹsì mi. Mo kó méjèèjì sínú báàgì. Lọ́jọ́ tí a lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gba omi lọ́wọ́ mi, wọ́n gba ẹ̀pà mi, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kan àgádágodo, ọkùnrin náà wò mí títí. "Maame, wode padlock yi rekɔ he?" Ó fẹ́ mọ ibi tí mò ń gbé e lọ. Mo ní ilẹ̀kùn kan wà tí mo fẹ́ tì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ. Àǹfààní ọjọ́ ogbó nìyẹn, bí ènìyàn bá sọ òótọ́, wọ́n á rò pé ó ń ṣeré ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀kùn náà fún yín.

Ẹ̀yìn ọjà Odawna ni àgbàlá tí wọ́n bí mi sí wà. Onílé wa jẹ́ ará Ga, àwa Yorùbá sì gba yàrá mẹ́fà nínú rẹ̀. Alata ni wọ́n ń pè wá, àwọn mìíràn a máa pè wá ní Anago, a kì í sì í bínú, nítorí ìgbà tí oúnjẹ bá jinná ni wọ́n sábà máa ń pè wá bẹ́ẹ̀. Iwájú àgbàlá, tó kọjú sí títì, ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Rálíà. Wọ́rọ́bọ̀ ló ń tà, abẹ́rẹ́, òwú, dígí, fìtílà, káńfọ̀, àgádágodo oríṣiríṣi àti abọ́ tánganran tí ó tò léra wọn títí kan àjà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Bó bá ń to ọjà rẹ̀ láàárọ̀, ńṣe ló máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jí ọmọ fún iléèwé.

Rálíà ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. A jọ ń lọ sí iléèwé, a jọ ń lọ sí ilé kéwú, a jọ ń jẹ kenkey, ẹ̀kọ àwọn ará Ga, kan ṣoṣo, èmi á jẹ inú, òun á jẹ ẹ̀yìn tó ti gbẹ, nítorí ó ní èyí tó bá le ló ń mú eegun gùn. Ó sì ga jù mí lọ lóòótọ́. Mo mọ bó ṣe ga jù mí tó, nítorí àkọsílẹ̀ wà.

Lọ́dọọdún, bí a bá ti dé láti yídì lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ, Bàbá Rálíà á kó gbogbo ọmọ àgbàlá wọ ṣọ́ọ̀bù, tọmọ Alata tọmọ onílé. Á ti ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé náà mọ́ wa sínú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wa á fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, Bàbá Rálíà á gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ lé wa lórí, á sì fi ọ̀bẹ kọ ilà sára pákó. "Ẹ wò ó, ààwẹ̀ ti wọ̀ ọ́ léegun," ni yóò wí, kódà fún ọmọ tí kò gba ààwẹ̀ kankan. Èmi a máa na ọrùn, màá ta irun mi sókè, ṣùgbọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Irun kì í ṣe gíga, ọmọ mi." Lọ́dọọdún, ilà Rálíà á fi ìka kan ga ju tèmi lọ. Ó máa ń dùn mí débi tí ẹran ọdún kì í fi í dùn lẹ́nu mi.

Àárín ààwẹ̀ ni a wà lọ́dún tí ìjọba kéde lórí rédíò pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé kó kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ti bá bàbá mi ṣe ìwé níbi iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Rálíà ò ní. Kó tó hu irùngbọ̀n ló ti dé Accra, kò mọ̀ pé ènìyàn nílò ìwé kó tó lè gbé ilé ara rẹ̀. Àwọn aládùúgbò kan ń sunkún pẹ̀lú wa, àwọn kan sì ti ń fojú wọn yàrá wa. Gbogbo Alata ló ń ta ọjà bí ẹni ń tọrẹ, Bàbá Rálíà nìkan ni kò ta nǹkan kan. Ó gbá ṣọ́ọ̀bù, ó tò ó bó ṣe máa ń tò ó bí a bá fẹ́ lọ ṣe Iléyá nílé. "Ìjọba dà bí baálé tí ebi ń pa," ló wí fún bàbá mi. "Bó bá jẹun tán, ìbínú rẹ̀ á rọ̀." Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan sápò, ó fi èkejì fún Rálíà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì, nínú eruku ọyẹ́, Rálíà tẹ kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́. "Má ṣí i o. Bí mo bá dé, a ó jọ ṣí i." Mo ní mo gbọ́. Lọ́rì náà kún débi tí mi ò rí i mọ́ lẹ́yìn tó gùn ún. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Ìtúnu Ààwẹ̀ dé. A ti yídì dé, àgbàlá dákẹ́, kò sẹ́ni tó pè wá wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo ronú pé bí Rálíà bá padà dé, ilà tọdún yẹn kò ní sí, a ò sì ní mọ ẹni tó ga jù. Bí mo ṣe mú ọ̀bẹ ìyá mi nìyẹn. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo fẹ̀yìn tì í, mo fi ọ̀bẹ kọ ilà lókè orí mi. Nígbà tí mo yíjú wò ó, mo ti ga kọjá ilà tí wọ́n kọ fún Rálíà lọ́dún tó ṣáájú! Mo fò sókè. Mo sáré jáde láti lọ sọ fún un.

Ìta ni mo ti rántí pé kò sí nílé. Ìyá mi pè mí wá jẹun, mo sì lọ. Àgádágodo wà lórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù, ibi tí mo gbé e sí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lọ, tábìlì, abọ́, àgádágodo, gbogbo rẹ̀ pátá. Káńfọ̀ tó dà sílẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù, ó ń rùn kárí àgbàlá. Gbogbo ènìyàn ní olè ló jalẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò aṣọ ọdún mi, mo sì pa ẹnu mi dé.

Nígbà òjò, awakọ̀ kan mú lẹ́tà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Rálíà ló kọ ọ́. Ó ní bàbá òun ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé bí ara òun bá ti yá, ìdí ọjà òun lòun ń padà sí. "Ó ní kí n bi ọ́, ṣé kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?" Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú èsì bẹ́ẹ̀. Mo dàgbà, mi ò mọ̀ ọ́n síbẹ̀. Lẹ́tà mìíràn kò dé mọ́.

Ohun tí mo wá tì ní Tete Kurom nìyẹn.

Bí ẹ bá bi mí bóyá ibẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀, màá ní ó tó, ó tilẹ̀ lé. Trotro, ọkọ̀ èrò onípákó, wà níbẹ̀ tí ń gbọ̀n bí ẹni pé ó ń lọ, tí kò sì kúrò lójú kan. Aṣọ wà lórí okùn, ewúrẹ́ kan ń mi orí, ó sì ń ké ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Àwọn ọmọdé ń tẹ bọ́tìnnì kí omi lè jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, inú wọn ń dùn, bẹ́ẹ̀ ìjà ló máa ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tiwa kí omi tó jáde. Ọmọbìnrin kan tó wọ ìró àti bùbá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Alata. Ó kí mi pé "Ẹ káàárọ̀" ní aago méjì ọ̀sán, ó sì kúnlẹ̀ dáadáa. Mo ṣàdúrà fún un. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó ṣe àmín.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà. Àwọ̀ ewé ni, ó bó níbi tó yẹ kó bó, ìràwọ̀ kékeré tí Bàbá Rálíà gbẹ́ sí òkè rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Mo mú àgádágodo jáde, mo sún mọ́ ọn. Mo kàn án, ó dún bí ike. Àgádágodo kan ti wà lára rẹ̀, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ni, kò ní ojú kọ́kọ́rọ́. Kò sí ibi tí mo lè ki tèmi bọ̀. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fà á kí n lè rí ẹ̀yìn, ògiri ni mo bá pàdé.

Ọkùnrin kan ń kun ògiri nítòsí, Hikmat sì bá mi bi í. Ó ní lóòótọ́ ni wọ́n gba ilẹ̀kùn gidi, òun ni wọ́n wò fi ike ṣe èyí. Ikán ti jẹ pákó náà, nítorí náà wọ́n dáná sun ún. Mo ní kó bi í bóyá ó rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ronú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ilà ọ̀bẹ pọ̀ níbẹ̀, àwọn rò pé ọmọdé ló fi ṣeré. Àwọn kò ṣe ẹ̀yìn, nítorí kò sẹ́ni tí ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo sunkún, ojú kò tì mí.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wa padà sí Madina ni Hikmat ti béèrè pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́ tì gan-an?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún láyé mi. Yorùbá rẹ̀ kò já geere, ó máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì lù ú. A kọjá Adenta. "So, àwọn ilà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá yín," ló wá sọ, "tèmi, ti Dádì, ti gbogbo wa, Bàbá Rálíà ló ni ín?"

Òun ló ni ín. Láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi ni mo ti ń kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìtúnu, mi ò sì sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni. Odawna tí mo mọ̀ ti lọ, àgbàlá ti lọ, pákó náà ti di eérú. Ilẹ̀kùn tó wà lójú ọ̀nà Dodowa kò ní ṣí láéláé, kò sí ọmọ tó lè gbàgbé láti tì í. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wò ó, á dùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá délé, ẹ fẹ̀yìn wọn ti ilẹ̀kùn tó ní ẹ̀yìn.

Àpótí ìrẹsì mi ti rí àgádágodo rẹ̀ gbà padà. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Rálíà, bí o bá wà láyé, tàbí bí ọmọ rẹ bá ń kà á: bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò dúró dè ọ́. Èmi ni mo ṣí i, mi ò sì tì í.